Àwọn tí A Ò Mọ Ibi tí Wọ́n Ti Wá

Bí ẹ bá bi àwọn ará Òmù-Àrán léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe láwọn ọdún tí nǹkan le yẹn, wọn ò ní sọ fún yín pé tíṣà ni mí. Wọ́n á ní, "Ṣé akọ̀wé-ẹ̀sùn yẹn?" Wọn ò sì parọ́ mọ́ mi. Mo ti kọ̀wé ẹ̀sùn nítorí ẹ̀rọ omi tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde dípò omi. Mo ti kọ ọ́ nítorí awakọ̀ tó kó èèyàn márùn-ún sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta lọ sí Ìlọrin, tó tún gbé ewúrẹ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo kọ ọ́ nítorí búrẹ́dì tó ń kéré sí i lójoojúmọ́ tí orúkọ rẹ̀ ò yí padà. Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti lásípíkà mọ́sáláásí ò jẹ́ kí n gbádùn oorun ìdájí, ìwé méjì ni mo kọ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n gùn dọ́gba-dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo ṣe ojúsàájú. Ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta ni: ọ̀kan fún ọ̀daràn, ọ̀kan fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀kan fún fáìlì mi. Mo sì máa ń to ẹ̀sùn náà ní a, b, d, bí ẹní ń to iṣu sínú abà.

Kò sẹ́ni tó fèsì rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n fèsì sí yẹn ni mo fẹ́ rò fún yín, nítorí pé nínú gbogbo ìwé tí mo kọ, òun nìkan ni kò yẹ kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ lílọ sí yunifásítì ló kó àrùn ìwé kíkọ yìí ràn mí. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, ìjọba ń kó ọmọ lọ kàwé ní òkè òkun bí ẹní ń kó iṣu lọ sọ́jà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo fọkàn sí. Bùlgáríà ni wọ́n fún mi. Orí àpótí mi ni mo jókòó sí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú tí mo kọ ìwé ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́. Ìyá mi, tó ń ṣe irú tà, béèrè ohun kan péré: "Ṣé wọ́n máa ń jẹun níbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Máa lọ, jàre."

Ìtàn ni mo kà níbẹ̀. Nínú ìlú tí a wà, àwọn obìnrin tó ń gbá ìgboro dúdú díẹ̀ ju àwọn ará ìlú yòókù lọ, yẹ̀rì gígùn aláràbarà ni wọ́n sì ń wọ̀. Àwọn ará ìlú ń wò mí bí ẹní ń wo ẹkùn tó wọ bàtà, ṣùgbọ́n àwọn agbálẹ̀ yìí máa ń kí mi. Mo bi ọmọ kíláàsì mi kan pé ta ni wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn yẹn? Wọn ò nílé. Wọn ò mọ́. Olè ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá."

Rómà ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ má rò pé ará ìlú Róòmù ni o, ọ̀tọ̀ ni ti Póòpù. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà bí mi nínú, bí inú bá sì ti bí mi, ilé ìkàwé ni mo máa ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé mọ ibi tí wọ́n ti wá dáadáa. Íńdíà ni, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, èdè ẹnu wọn gan-an ló jẹ́rìí sí i. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, olórin, oníṣòwò ẹṣin, wọ́n sì ń ti ìlú dé ìlú pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn, nítorí pé ìkòkò tó jò ní ìlú kan kì í pọ̀ tó èyí tí agbo ilé kan lè máa tún ṣe jẹun títí ọdún á fi yípo.

Mo bá wọn pe ayé lẹ́jọ́ nínú ìwé àpilẹ̀kọ mi. (a) Àwọn òyìnbó ò bi wọ́n léèrè. Wọ́n kàn pinnu pé Íjíbítì ni wọ́n ti wá, wọ́n sì fi irọ́ yẹn sọ wọ́n lórúkọ. (b) Ní Ròmáníà tó múlé ti Bùlgáríà, wọ́n fi wọ́n ṣẹrú fún bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Àwọn ọlọ́lá ń rà wọ́n, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn pẹ̀lú ń rà wọ́n. (d) Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Násì ní Jámánì pa wọ́n nípakúpa, nígbà tí ogun sì parí, ẹni tó ka ikú wọn kún kò tó nǹkan. (e) Ní Bùlgáríà níbẹ̀, ìjọba tó ń wàásù pé gbogbo èèyàn dọ́gba ní kí wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn kalẹ̀, kí wọ́n jókòó sójú kan, ó sì ń fi agbára yí orúkọ àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí láàárín wọn padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi fi gègé pupa pa (e) rẹ́. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn.

Nínú ọlidé gígùn kan mo lọ gbé ní ilé àwọn Rómà kan ní ẹ̀yìn ìlú, kí n lè fi ojú ara mi rí wọn. Wọ́n ń tún ìkòkò bàbà ṣe. Ìyá àgbà ló ń ṣàkóso ilé, eyín wúrà méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí, pé mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọṣọ fún mi. Mo bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ omi, mo gbé bàsíà tí mo kọ́kọ́ rí, mo rẹ ṣòkòtò mi, mo rẹ ìbọ̀sẹ̀, mo rẹ pátá. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Igbe tí ìyá àgbà ké, mo rò pé ejò ló ṣán an. Àwọn ọmọdé sá fún mi. Bàsíà tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni mo fi fọ pátá. Lọ́dọ̀ wọn, ohun tó bá kan ara láti ìbàdí lọ sí ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ohun tó ń lọ sẹ́nu láéláé. Omi rẹ̀ lọ́tọ̀, ọṣẹ rẹ̀ lọ́tọ̀, aṣọ ìnura rẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ bàsíà náà mọ́. Ìyá àgbà mú òòlù ọkọ rẹ̀, ó dá ihò sí ìdí bàsíà náà, ó sì sọ ọ́ nù. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ lu bàsíà yẹn fún un nígbà ìgbéyàwó wọn. Èmi tí mo wá kọ̀wé sí ayé pé irọ́ ni pé wọn ò mọ́, èmi gan-an wá ni ọ̀bùn ilé náà.

Mo di ẹrù mi. Mo mọ ohun tí èmi ì bá ṣe ká ní èmi ni wọ́n ṣe é sí: ẹ̀dà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá bàsíà pupa tuntun kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ìyá àgbà na ìka sí i, ó na ìka sí ìbàdí mi. "Tìẹ. Ìsàlẹ̀." Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ tó ń yọjú, ó sọ ohun tí mo gbọ́ yékéyéké: "Kò mọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ jìnnà sí i."

Mo kó bàsíà pupa yẹn wálé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi. Ìwé ẹ̀rí ni mo gbé kọ́ sára ògiri. Ìyá mi ló mú bàsíà. Lọ́jọ́ kejì mo bá irú nínú rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, ó ní, "Bàsíà tó lágbára báyìí, o fẹ́ máa fi fọ pátá? Òyìnbó ti bà ọ́ jẹ́." Mo jẹ ọbẹ̀ irú náà. Kí ni ǹ bá ṣe?

Owó epo ti gbẹ nígbà tí mo dé. Ẹni tó lọ ṣáájú mi bọ́ sínú mọ́tò ìjọba. Èmi bọ́ sínú kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, mo ń kọ́ ọmọ ní ìtàn nínú àgbàrá. Bí oṣù bá parí, owó oṣù kì í mọ̀. Ni mo bá gba ilẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀nà Rore, mo gbin àgbàdo. Ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ọkọ́. Mo gbìn ín ní ìlà tó gún régé, mo fi okùn wọ̀n ọ́n, àwọn àgbẹ̀ tòótọ́ sì ń dúró wò mí bí ẹní ń wo eré.

Gáà Fúlàní kan wà lẹ́bàá oko mi, agbo ilé kan péré: bàbá arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Gáà, ìyàwó rẹ̀ tó ń ru wàrà wọ ìlú, àti àwọn ọmọ wọn. Yorùbá wọn já gaara. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan mo dé oko, mo bá ààbọ̀ àgbàdo mi nílẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n ti tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Kí n tó lanu, Bàbá Gáà ti dé pẹ̀lú wàrà nínú igbá, ó lóṣòó.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ẹ dákun. Ẹran ò gbọ́ èdè."

"Ẹran ò gbọ́ èdè, ìwọ náà ò gbọ́?" Mo pè é ní ìwọ. Ó ju bàbá mi lọ.

"Ẹ̀bi wa ni. A ó bá yín tún un gbìn. Àwọn ọmọ á wá lọ́la."

"Màlúù wo ló jẹ ẹ́? Fi hàn mí!"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹran gáà ni, Tíṣà."

Mi ò gba wàrà rẹ̀. Mo lọ sí ilé ìwé, mo ní kí ọ̀gá àgbà yá mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sì tẹ ìwé tó dára jù láyé mi sí ìgbìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Rore. Láti a dé gb ni ẹ̀sùn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń dẹ́rù ba ìgbìmọ̀. Mo wọn ìlà àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Mo ya àwòrán pátákò màlúù. Nígbà tí àgbàdo wá tán tí ìbínú ò tíì tán, mo fi ìpínrọ̀ kan dí i ní ìsàlẹ̀: pé àwọn èèyàn yìí ò ní ibùgbé kan pàtó, pé ìmọ́tótó wọn ń fẹ́ àbójútó, pé olè jíjà tí ń pọ̀ sí i lágbègbè náà yẹ ní wíwádìí, àti pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i. Mo tún kọ́mà kan ṣe. Nǹkan kan ò ta mí lólobó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi lọ́sàn-án, ó ń ṣa irú, nígbà tí Bàbá Gáà wọlé wá. Ó kí ìyá mi pẹ́, ó kí mi, ó wá fa ìwé kan yọ láti abẹ́ fìlà.

"Tíṣà, wọ́n fún wa ní ìwé. Ẹ bá wa kà á. Nínú gbogbo ìlú yìí, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù."

Ìgbìmọ̀ ò tilẹ̀ wulẹ̀ kọ tiwọn. Wọ́n lẹ orúkọ wọn mọ́ òkè ìwé mi, wọ́n sì fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀ pé kí gáà kó kúrò kí òjò àrọ̀kúrò tó dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, (a), (b), (d), títí mo fi dé ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà wọ súùtù. Ní Yorùbá, níwájú ọkùnrin náà, ìhòhò ló wà. "Wọ́n ní ẹ ò nílé," ni mo wí. "Wọ́n ní ẹ ò mọ́. Wọ́n ní olè…" Nígbà tí mo dé "kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá," mo gbọ́ ohùn ọmọ kíláàsì mi ní Bùlgáríà nínú ẹnu ara mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà ni, bó ṣe tò ó gan-an. Mo ti fi odindi ìwé àpilẹ̀kọ kan ta ko ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, mo sì tún fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìwé tẹ̀ wọ́n.

"Ta ló kọ ọ́?" Bàbá Gáà béèrè.

"Ìgbìmọ̀ ni."

"Irọ́ ni," ìyá mi wí. Kò gbójú sókè nínú irú. "Ìgbìmọ̀ wo ló ń ka ẹ̀sùn ní a, b, d? Ẹni kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òmù-Àrán, èmi ni mo sì bí i."

Bàbá Gáà gba ìwé náà padà, ó fi í sábẹ́ fìlà. Ìyá mi wá kọjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ màlúù tó jẹ àgbàdo rẹ?"

"Ìyá," Bàbá Gáà sáré wí, "ẹ ní ká má sọ."

"Mo ti sọ ọ́ báyìí. Abo pupa tí ìwo rẹ̀ kan wọ́. Èmi ni mo ni ín. Nígbà tí owó wà nílùú, tí ìwọ ń fi fọ́tò ara rẹ nínú yìnyín ránṣẹ́ sí mi, irú ni mo tà tí mo fi ra ọmọ màlúù, mo fún bàbá yìí sìn. Torí tìẹ ni. Mo ní kó má sọ fún ọ, torí ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní màlúù láyé ebi, á jẹ ẹ́. Ó ti bí mẹ́ta."

"Mẹ́rin, Ìyá," Bàbá Gáà wí jẹ́jẹ́. "Ó fẹ́ bímọ ló ṣe yà kúrò láàárín agbo. Inú àgbàdo Tíṣà ló bí èyí tó kẹ́yìn sí."

Ẹ bá mi wò ó. Mo ya àwòrán pátákò màlúù ara mi. Bàbá àgbàlagbà lóṣòó gba èébú nítorí àṣírí ìyá mi, ó ní ẹran gáà ni. Ìyá àgbà Rómà ní mi ò mọ̀, pé ìyá mi jìnnà. Ìyá mi ò jìnnà mọ́. Ibẹ̀ ló jókòó sí, tó ń ṣa irú nínú bàsíà pupa.

Mo sáré lọ bá alága ìgbìmọ̀ pé mo fẹ́ gba ìwé mi padà. Mo ti kọ òmíràn tó fagi lé e. Ó ka èyí tuntun, ó mi orí.

"Tíṣà, eléyìí ò dáa tó ti àkọ́kọ́."

"Òun ni òtítọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ti àkọ́kọ́ ló wọni lára. Àwa ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n burú tó bẹ́ẹ̀ kí o tó là wá lójú." Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ti ń wọn ilẹ̀ gáà fún ẹ̀gẹ́.

Àwọn ará gáà ò dúró de òjò. Ní ọjọ́ Fúráìdè a gbọ́ pé wọ́n ti kó lọ sí apá Ìjàrà-Ìsin. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, abo màlúù pupa àti ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ìdí máńgòrò ìyá mi, wọ́n so wọ́n dáadáa, wọ́n tilẹ̀ ti bu omi fún wọn. Bàbá Gáà ò jẹ wá ní nǹkan kan, àní ìrù ẹran kan.

Bí mo ṣe di darandaran nìyẹn. Tí ilé ìwé bá ti jáde, màá bọ́ súùtù Bùlgáríà, màá mú igi. Màlúù ò mọ àlà, ọ̀mọ̀wé ò mọ màlúù. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti jẹ ẹ̀gẹ́ alága ní oko rẹ̀ ẹ̀yìn ìlú, ọmọ rẹ̀ sì mú ìwé wá fún mi. Ìwé ẹ̀sùn ni. Gírámà rẹ̀ burú gan-an, ṣùgbọ́n ó tò ó ní a, b, d.

"Kó ẹran lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn," ìyá mi wí. "Kí o sì bẹ̀ ẹ́. Fi ẹnu bẹ̀ ẹ́ o, má fi ìwé bẹ̀ ẹ́." Ó bu irú sínú bàsíà pupa, ó gbé e rù mí.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Òmù-Àrán, bàsíà lórí, igi lọ́wọ́, màlúù márùn-ún níwájú. Awakọ̀ lọ́rì kan yọrí: "Ẹ kó ẹran yín kúrò lọ́nà, ẹ̀yin aláìnílé!" Ní ìtòsí oko kan, àgbẹ̀ kan fi Hausa lé mi. Mo dá a lóhùn ní Yorùbá, mo ní tíṣà ni mí, pé mo ti yunifásítì dé. Ó pe ìyàwó rẹ̀: "Wá gbọ́ o! Eléyìí gbọ́ Yorùbá!" Mo fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàsíà ò jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọn ò tíì kọ́ nǹkan kan ju àtíbàbà koríko méjì. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nílé wa, gbọọrọ. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́. Mo parọ́ mọ́ yín. Mo sì parọ́ lójú yín pé ìgbìmọ̀ ni." Bàbá Gáà jẹ́ kí n wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń ka àwọn ẹran pẹ̀lú ojú. Nígbà tó yá ó ní, "Ọmọ kékeré yìí rù. Kí lẹ fún un jẹ?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi nínú ọpọ́n kan. Mo ti fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo dúró.

"Mọ́mì, èwo ni ti ojú, èwo ni ti ẹsẹ̀?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí ni Tíṣà wí? Ọpọ́n kan náà la kó dé, ìyókù fọ́ lọ́nà." Ó da irú jáde sínú ewé, ó ṣan bàsíà pupa, ó kó wàrà sínú rẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Mo rántí ohun tí bàsíà náà wà fún. Mo jẹ wàrà náà tán.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sí ọ̀nà Rore. Ó ní rárá, pé ẹni tí wọ́n ti kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í sun oorun àsùnwọra níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn onílẹ̀ tibí náà ti ń béèrè ibi tí àwọn ti wá, wọn ò sì tíì gbà kí àwọn kọ́lé. "Ẹ bá wa kọ̀wé sí wọn, Tíṣà. Tiyín máa ń wọni lára."

Mo yọ bírò. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ kò ju "Mo fi ìwé yìí fẹ̀sùn kan" lọ. Mo wá rí i pé, gbogbo ọdún tí a fi múlé ti ara wa, mi ò bi í rí.

"Bàbá, ibo lẹ ti wá gan-an?"

"Èmi? Bàbá mi ló ti Ṣàárẹ́ wá. Ọ̀nà Rore ni wọ́n bí mi sí, nídìí igi ìgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko yín. Ìyá yín mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbẹ̀bí mi."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí àwọn onílẹ̀ Ìjàrà-Ìsin, ní Yorùbá, ẹ̀dà kan. Mo kọ pé mo mọ agbo ilé yìí, pé mo mọ ibi tí wọ́n ti wá, pé wọ́n bá ìyá mi sin màlúù kan títí ó fi di márùn-ún. Mo kọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ lè gbọ́ láti Òmù-Àrán, èmi ni mo sì pa á. Mo fọwọ́ sí i. Bàbá Gáà ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, kí ìyàwó òun lè gbọ́.

"Ó kúrú," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ fi kún un pé ìwo rẹ̀ kan wọ́. Kí wọ́n má bàa sọ pé màlúù míì ni."